Ṣé ènìyàn nìkan ló níyì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn onílé àdúgbò wa ní Bódìjà fẹ́ gé ìrókò etí odò kí wọ́n lè fẹ ọ̀nà. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní igi náà níyì tirẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá wa, ọmọ yín kò parọ́. Ní 1973, onímọ̀ kan, Richard Routley, béèrè pé: ká ní ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé, tó wá ń run gbogbo igi àti ẹranko kó tó kú, ṣé kò ṣe ibi? Kò kúkú pa ènìyàn kankan lára. Bí ẹ bá ní ó ṣe ibi, ẹ ti gbà pé iyì wà tí kò ti ọwọ́ àǹfààní wa wá.

Ní ìpàdé yín, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn tó lè mọ ìrora: ènìyàn, ẹyẹ, àdán. Bí ọmọ ẹyẹ bá wà nínú ìtẹ́, ẹ dúró kó fò. Lẹ́yìn náà ni odò: etí odò tí kò ní gbòǹgbò máa ń ya, ilẹ̀ á sì dí ojú omi. (Ẹni tó bá rántí omíyalé Ògùnpa ní 1980 kò ní bèèrè ìdí.)

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a ka ohun gbogbo sí ọgbọọgba. Nígbà náà, a ò ní lè já ewédú pàápàá. Ohun tí iyì igi ń bèèrè ni pé kí ẹni tó fẹ́ gé e wí ìdí tó tó. Bí ọ̀nà bá lè yà sí apá kejì, kò ní ìdí.