Ṣé Core i7 ló yẹ gbogbo wa? Bí ẹ ó ṣe mọ láptọ́ọ̀pù tí iṣẹ́ yín ń fẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà. Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí OAU, n'Ílé-Ifẹ̀, iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ló fẹ́ kọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń kọ́ ẹ́díìtì fídíò, fídíò òde àríyá ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà fẹ́ máa kọ owó tó ń wọlé àti ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó fẹ́ tà fún wa ní kí n kó Core i7 tòkúnbọ̀ mẹ́ta, pé kò sí iṣẹ́ tí i7 kò lè ṣe, òun á sì ṣe mí dáadáa lówó. Ṣé kí n rà wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, Màmá. Ẹ má tíì sanwó.

Ẹni tó bá pe "Core i7" tó dákẹ́ kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ bi í ní nọ́ńbà tó tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ ká mú méjì tó wọ́pọ̀ lára àwọn tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà: i7-6600U àti i5-8350U. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn dáàṣì ló ń sọ ìran tí ọpọlọ ẹ̀rọ náà ti wá. Ìran kẹfà ni ti i7 yìí, ìran kẹjọ ni ti i5. (Láti ìran kẹwàá lọ, nọ́ńbà méjì ni ẹ ó kà: i5-1135G7, ìran kọkànlá nìyẹn.) Core, ìyẹn ọwọ́ tí ọpọlọ ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, méjì péré ló wà nínú i7 ìran kẹfà yẹn, mẹ́rin ló wà nínú i5 ìran kẹjọ. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n ni àbúrò ń fi iṣẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ Windows, ètò Microsoft tó ń darí kọ̀ǹpútà, tún wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ Intel tó ń ṣe àwọn Core yìí, láti ìran kẹjọ sókè ni Microsoft ti ń gba ẹ̀rọ sí Windows 11, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Windows 10 tí ì bá sì ṣẹ́ kù fún ìran kẹfà, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹyìn rẹ̀ dúró. Àwọn ọmọ ọjà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n ki Windows 11 bọ ẹ̀rọ àtijọ́. Ó máa ṣí, ó máa dán, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pé àtúnṣe ààbò á máa dé bá a. Bí i7 mẹ́ta yẹn bá jẹ́ ìran kẹfà, ẹ ti mọ ìdí tí owó wọn fi rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọmọ yín obìnrin, torí iṣẹ́ tirẹ̀ ló le jù. AutoCAD, SketchUp àti Revit ni wọ́n máa ń lò, bó bá yá wọ́n á kan Lumion, èyí tó ń mú kí àwòrán ilé dà bí ilé gidi. Revit àti Lumion kì í ṣiṣẹ́ lórí macOS, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Apple, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi MacBook tan ọmọ náà, bó ti wù kó rẹwà tó. Autodesk tó ni Revit sọ pé RAM 16GB ni ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn Revit tó jáde lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aránṣọ, èyí ò ní ṣòro fún yín: RAM ni tábìlì tí ẹ ń tẹ́ aṣọ lé láti gé e, SSD ni kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó o sí. Kọ́bọ́ọ̀dù ì báà tóbi tó yàrá, bí tábìlì bá kéré, agbádá ò ní ṣe é tẹ́.

Lumion tún fẹ́ káàdì àwòrán (graphics card) tó dá dúró, èyí tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì. Nínú tòkúnbọ̀, orúkọ tí ẹ ó máa dá ni HP ZBook, Dell Precision àti Lenovo ThinkPad P. ZBook 15 G5, bí àpẹẹrẹ, ẹ lè rí i pẹ̀lú i7-8750H tó ní core mẹ́fà. Ẹ wo lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yẹn dáadáa: U ń rọra jẹ iná, H ń jẹ ẹ́ gan-an ni, ó sì lágbára. Ṣájà HP EliteBook lásán, láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì, kì í ju 65 watt lọ, ti ZBook yìí lè tó 150 tàbí 200, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì wúwo. Ẹni tó ń gbé ibi tí iná kì í dúró, tó ń fi inverter kékeré rọ́jú, ó yẹ kó ti mọ̀ kó tó rà á.

Àmọ́ kí ló ń lé yín? Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ọwọ́ àti T-square ni wọ́n máa ń fi yàwòrán ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó bi àwọn tó ti wà ní ọdún kejì àti ìkẹta ní ẹ̀ka rẹ̀ ohun tí wọ́n ń lò gan-an. Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní sọ́fítíwíà wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó "installation" ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìyẹn.

Ti ọmọkùnrin, MacBook Air M1 tó jáde ní ọdún 2020 ni mo máa mú fún un. Ibi pàtàkì kan wà nínú M1, ọpọlọ ẹ̀rọ yẹn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fídíò nìkan, kò ní fáànù, bátìrì rẹ̀ sì máa ń pẹ́. DaVinci Resolve, sọ́fítíwíà ẹ́díìtì fídíò tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé RAM rẹ̀ kò ṣe é fi kún láéláé: ẹ wá 16GB bí apá yín bá ká a. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtà nu gbogbo ẹ̀ lójú yín, kó so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá bèèrè Apple ID onílé, tàbí "Remote Management" yọjú, ẹ gbé e sílẹ̀ fún un. Iléeṣẹ́ kan ṣì di okùn rẹ̀ mú nílùú òyìnbó nìyẹn.

Tiyín kò le rárá. i5 ìran kẹjọ, RAM 8GB, SSD 256GB: EliteBook 840 G5 tàbí Dell Latitude tàbí ThinkPad ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣe Excel àti WhatsApp yín títí. Ẹ yẹra fún àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú tó ní eMMC 32GB dípò SSD, kọ́bọ́ọ̀dù kékeré nìyẹn, àtúnṣe Windows nìkan á kún un dẹ́nu. Chromebook náà, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google, ẹ má rà á tí ẹ bá fẹ́ lo sọ́fítíwíà Windows.

Ọ̀rọ̀ bátìrì wá kù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ènìyàn jù. Lórí ẹ̀rọ Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, ẹ wá tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó fi fáìlì kan pamọ́ sí. Ẹ ṣí i. Ẹ wá ìlà DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 mWh tí èkejì sì jẹ́ 22,000, agbára bátìrì yẹn ò tó ìdajì mọ́, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Bátìrì tí wọ́n pààrọ̀ lọ́jà máa ń purọ́ nígbà mìíràn o, torí náà ẹ yọ ṣájà, kí ẹ ta fídíò sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbẹ̀, kí ẹ sì máa wo bí ìdá ọgọ́rùn-ún ṣe ń já. Olùtà tó bá ń kánjú yín, ẹ kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ F10 lára HP, F2 lára Dell, F1 lára ThinkPad, kó lè ṣí BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ. Bó bá bèèrè páásíwọ̀dù níbẹ̀, kò dáa. Ẹ tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ fi ìwé funfun kún ojú ẹ̀rọ láti wá àmì dúdú. Kí olùtà kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, RAM, SSD àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sórí rìsíìtì. Bó bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀.