Irú fọ́ǹtì wo ni Bodoni, kí sì ni ó dára fún?

Giambattista Bodoni, atẹ̀wé ará Ítálì, ló gbẹ́ lẹ́tà yìí ní ìlú Parma, ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Firmin Didot, atẹ̀wé ará Faransé, náà ń ṣe irú rẹ̀ ní Paris lásìkò kan náà. Ìlà tó dúró lóòró nípọn gan-an, èyí tó wà ní ìbú sì tín-ín-rín bí irun orí. Ìrù kéékèèké tó wà ní ìparí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ. Bébà tó dán tí wọ́n ń lò nígbà náà ló jẹ́ kí ìlà tó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ lè hàn dáadáa.

Àkọlé ńlá ló yẹ ẹ́ jù: èèpo ìwé, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àti ìwé ìròyìn oge. Irú lẹ́tà yìí ni wọ́n fi ń kọ orúkọ Vogue, ìwé ìròyìn oge.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tẹ ọ̀rọ̀ gígùn ní lẹ́tà kékeré. Àwọn ìlà tín-ín-rín náà á pòórá, pàápàá tí ẹ bá kọ funfun sórí dúdú, torí yíǹkì á bò wọ́n. Bodoni Moda, irú Bodoni ti òde òní tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts (ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ǹtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), ní ẹ̀yà tí wọ́n mú ìlà rẹ̀ nípọn díẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kékeré.

Bí Yorùbá lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ́kọ́ tẹ ẹ́, ọ̀, ṣ àti ǹ wò. Fọ́ǹtì tí kò bá ní wọn, kọ̀ǹpútà á yá wọn láti inú fọ́ǹtì mìíràn, iṣẹ́ yín á sì rí játijàti.