Ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ọkọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ìyá mi máa ń sọ pé nígbà ogun Hitler, ọkọ̀ ogun máa ń sin ọkọ̀ ẹrù lórí òkun. Ṣé òótọ́ ni àbí àlọ́? (Ọmọ Àgbàlátà, Badagry)

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o jàre, bàbá ò parọ́. Ẹ wo ọkọ̀ ogun HMCS Sackville ti Kánádà, 1941 ni wọ́n sọ ọ́ sómi, kékeré ni, bíi mítà 62, eré ẹ̀ gan-an ò tó nǹkan, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tó bá yọrí síta lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́, àti pé ìgbì òkun ńlá máa ń fì í gan-an, kì í ṣe bí ọ̀sà tiwa níbí. Síbẹ̀ òun ló ń sin ọkọ̀ ẹrù kọjá Àtìláńtíìkì. Oṣù kẹjọ 1942 ló wá gbóná, nínú kùrukùru, ó ju bọ́ǹbù abẹ́ omi lu U-43, ó tún yìnbọn ba U-552, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ni àwọn méjèèjì, wọ́n fara pa, wọ́n sá relé, wọn ò rì ṣá. Sackville ṣì wà ní Halifax, ní Kánádà, báyìí, mùsíọ́mù ni, òun nìkan ló kù nínú irú ẹ̀.