Ìpá Kọ́ Ni Wọ́n Là fún Yín, Bàbá

Bàbá ẹni ọdún 63 kan n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Oṣù 7 sẹ́yìn ni wọ́n yọ pírósítéètì wọn, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, nítorí jẹjẹrẹ, àtìgbà náà ni nǹkan ọkùnrin wọn ò ti dìde mọ́. Wọ́n ní kí n júwe àgbo ale tó lágbára jù fún àwọn. Àárín lẹ́tà ni wọ́n ti sọ ọ́ gẹ́rẹ́ pé: "Ìyàwó mi rò pé ìpá ni wọ́n là fún mi, Àbújá ló wà nígbà yẹn, tó lọ bá ọmọ wa wẹ ọmọ."

Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ yẹn. Ẹ fi àgbo sílẹ̀ ná.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé ìtọ̀ ṣì ń jò sí yín lára lóru, pé ẹ ti kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Ta ló ń fọ aṣọ ibùsùn yẹn? Màmá ń gbóòórùn ìtọ̀ lára rẹ̀, wọ́n ń sá a sórí okùn, wọn ò sọ̀rọ̀. Oṣù 7, ẹ ò fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ ò sọ ìdí. Kí ni kí wọ́n rò bí kò ṣe pé ẹ ti lálè? Irú àwọn ìyàwó bẹ́ẹ̀ ń kọ̀wé sí mi, ẹkún ló ń kún inú lẹ́tà wọn. Inú bí mi, n kò ní purọ́.

Oṣù 7 ò tíì pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ pírósítéètì gan-an ni àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń mú nǹkan ọkùnrin dìde gbà kọjá. Bí dókítà tilẹ̀ dá wọn sí, ó lè gba ọdún kan sí méjì kí wọ́n tó sọjí. Ti ẹlòmíì kì í padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ṣì wà, àtọ̀ nìkan ni kò ní jáde mọ́. Oògùn wà, abẹ́rẹ́ wà, ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wá síbẹ̀ wà. Dókítà yín ni kẹ́ ẹ bi. Àgbo ale ńkọ́? Wọ́n ti bá sildenafil, èròjà inú Viagra, nínú irú wọn rí, tí ẹni tó ń mu ún ò sì mọ̀. Bó bá pàdé oògùn abẹ́ ahọ́n táwọn tí àyà ń ro ń lò, ó lè pa èèyàn.

Àwọn ọmọkùnrin yín méjèèjì ńkọ́? Ẹni tí bàbá rẹ̀ ní jẹjẹrẹ yìí, ewu tirẹ̀ tó ìlọ́po méjì. Àkọ́bí yín ti lé lógójì ọdún. Ó yẹ kó ti lọ bi dókítà nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, èyí tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ pírósítéètì. Ìpá lòun náà gbọ́.

Lálẹ́ òní, ẹ gbé ìrọ̀rí yín padà sí yàrá. Ẹ sọ fún Màmá. Bí wọ́n bá bú sẹ́kún, ẹ má jáde.