Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Nígbà tí Iṣẹ́ Pàjáwìrì Bá Tẹ̀lé Òṣìṣẹ́ Délé

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ọkọ̀ áńbúláǹsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n pè wá síbi tí ọmọdé kan ti kó sódò. A tẹ̀ ẹ́ láyà títí a fi dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dijú, bàtà kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù sí ọmọ náà lẹ́sẹ̀ ni mo máa ń rí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa kó wa jọ, ó ní dandan ni kí kálukú ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí, ńṣe ni tèmi sì burú sí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà. Àbí n kò lágbára iṣẹ́ yìí ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Ohun tó ń ṣe yín kò fi hàn pé ẹ kò lágbára iṣẹ́ náà. Nígbà tí jìnnìjìnnì bá bo èèyàn, ọkàn kì í to ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ bó ti máa ń ṣe. Nǹkan kéékèèké ló máa ń dì mú, ìbáà ṣe bàtà, òórùn tàbí igbe ìyá ọmọ, èyí tí yóò sì máa padà wá láìjẹ́ pé a pè é. Àìrí oorun sùn, kí èèyàn máa ta gìrì sí ariwo kékeré, kí inú tètè máa bí i, gbogbo rẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ohun tó jẹ mí lógún nínú lẹ́tà yín ni pé oṣù méjì ti kọjá. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń lò fún àìsàn tí wọ́n ń pè ní PTSD, ìyẹn ìdààmú ọkàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ẹlẹ́rù, èyí tí ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀ ní ọdún 1980, ni pé kí àwọn àmì náà ti ju oṣù kan lọ, kí wọ́n sì máa dí iṣẹ́ tàbí ìgbé ayé ẹni lọ́wọ́. Èmi kò lè tinú lẹ́tà sọ pé òun ló ń ṣe yín, ṣùgbọ́n ó ti tó àkókò láti lọ rí ẹni tó lè sọ ọ́.

Ní ti ìpàdé yẹn, n kò rò pé ọ̀gá yín ní èrò burúkú lọ́kàn. Ọdún 1983 ni Jeffrey Mitchell, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe lè jókòó papọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tó wúwo, ọ̀nà náà sì tàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùṣèwádìí ẹgbẹ́ Cochrane, tó máa ń gbé ìwádìí ìṣègùn yẹ̀ wò, kó àbájáde ìwádìí jọ ní ọdún 2002, wọn kò rí ẹ̀rí pé ìròyìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ń dènà PTSD, wọ́n sì kìlọ̀ pé ó lè pa àwọn kan lára. Lójú tèmi, “dandan” yẹn ló ba ìpàdé yín jẹ́. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2011 sọ ọ́ kedere pé kí a má fipá mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni kí a fetí sí.

Ẹ má sì bínú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín nítorí àwàdà. Irú àwàdà bẹ́ẹ̀, tí ará ìta lè gbọ́ kí ó ṣépè, ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ pàjáwìrì fi ń mí. Aburú ibẹ̀ ni pé bí kò bá sí ohun mìíràn tó ṣeé sọ nínú ọkọ̀, ẹni tí ọ̀ràn ń dùn yóò panu mọ́. Nígbà tí ẹ̀yin àti ọ̀kan nínú wọn bá jọ ń nu ọkọ̀, tàbí tí ẹ ń to àpótí oògùn padà, ẹ bi í pé, “Ti ọmọ ọjọ́sí yẹn, ṣé ó ti kúrò lọ́kàn rẹ?” Ìdáhùn rẹ̀ lè yà yín lẹ́nu.

Ẹ yẹra fún ọtí alẹ́. Ó máa ń tètè gbé èèyàn sùn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí oorun náà dúró di òwúrọ̀. Ìtọ́jú gidi wà. Ọ̀kan ni ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ nípa ọkàn, níbi tí ẹ ó ti máa padà sórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Òmíràn ni èyí tí wọ́n ń pè ní EMDR, tí aláìsàn yóò máa rántí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bí ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀lé ìka oníṣègùn síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ìbéèrè: Panápaná ni ọkọ mi. Bó bá ti ibi iná ńlá dé, yóò wẹ̀, yóò jókòó, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣé kí n máa bi í ni, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ìbéèrè há a mọ́. Ẹ sọ fún un pé, “Mo rí i pé tòní le. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́, mo wà níbí,” kí ẹ sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mutí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé ìbéèrè náà ni yóò gbin èrò ọ̀hún sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì wá oníṣègùn lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi ni mo máa ń gbé fóònù pàjáwìrì. N kò fojú rí ẹ̀jẹ̀. Ṣé ó yẹ kí ohun tí mo gbọ́ lásán máa dà mí láàmú?

Ìdáhùn: Kì í ṣe lásán. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lókè tún ìwé wọn ṣe ní ọdún 2013, wọ́n ka àwọn tí iṣẹ́ wọn ń mú kí wọ́n bá kúlẹ̀kúlẹ̀ ohun ẹlẹ́rù pàdé léraléra mọ́ àwọn tí PTSD lè mú. Tiyín tún ní ìnira kan tí àwọn inú ọkọ̀ kì í sábà ní: ìpè yóò já, òmíràn yóò dún, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá ẹni náà yè. Ẹ bẹ alábòójútó yín kí wọ́n máa jẹ́ kí ẹ gbọ́ ìparí àwọn ìpè tó wúwo, níbi tí òfin bá ti gbà á, kí ẹ sì lè dìde kúrò nídìí fóònù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó gbé òmíràn. Bí wọ́n bá sì ń ṣètò ìrànwọ́ fún àwọn tó lọ síbi ìjàǹbá, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín mọ́ tiwọn.