Èsì: Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n, ẹnu yín ńkọ́?

Àbúrò, o béèrè ìdí tí wọ́n fi gé máàkì yín níbi ìdánrawò bí a ṣe ń jí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró, nígbà tí ẹ tẹ àyà ọmọláńgidi yẹn bó ṣe yẹ: ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5. Iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn; iṣẹ́ ẹnu, bí ẹ ṣe ń bára yín sọ̀rọ̀, ńkọ́? Ta ló ń ka ìṣẹ́jú?

Ó ṣe èmi náà rí, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. "Ìyá ìkókó" ń ṣẹ̀jẹ̀ (ọmọláńgidi ni o!), mo wá pariwo pé, "Ẹ fún un ní oxytocin!" (abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ). Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, kálukú rò pé ẹnìkejì ti fún un. Síríńjì kàn jókòó sínú abọ́. Ní báyìí, orúkọ ni mo ń pè: "Bọ́lá, oxytocin yúnìtì 10, gún un sí itan." Bọ́lá á tún un sọ, tó bá ṣe tán, á ní, "Mo ti gún un."

Èyí tó le jù lọ́dọ̀ tiwa ni kí ọmọdé lè sọ fún ọ̀gá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti pé ìṣẹ́jú 2, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì gbà á tẹ̀." Ẹ fi ìyẹn dánra wò dáadáa.

Ta tiẹ̀ ni olórí yín lọ́jọ́ náà?