Atamátàsé Kan Tàbí Méjì? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ọ̀nà Ìkọlù

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, mo kí yín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà bọ́ọ̀lù yìí ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ìlànà 4-2-3-1 (ẹni mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú wọn, mẹ́ta lẹ́yìn atamátàsé, atamátàsé kan) ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ń lò, atamátàsé kan ṣoṣo ló sì máa ń dá wà níwájú. Bọ́ọ̀lù máa ń pẹ́ lẹ́sẹ̀ wa, ṣùgbọ́n góòlù wọ́n wa bí ojú. Èmi ní kí wọ́n fi atamátàsé kejì sí i, kí a padà sí 4-4-2 (mẹ́rin lẹ́yìn, mẹ́rin láàárín, méjì níwájú). Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn alátakò yóò gba àárín pápá mọ́ wa lọ́wọ́. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín ni ẹ di òótọ́ mú, ohun tí kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán ni pé iye atamátàsé tí a kọ sórí ìwé ni ẹ ń kà. Ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ alátakò ni 4-2-3-1 ń sọ fún wa. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti ń kọlù, ó lè di 3-2-5 lójú kan náà: ẹni méjì á lọ dúró létí ìlà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ẹni méjì á wọ àlàfo tó wà láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn, atamátàsé á sì wà láàárín gbùngbùn. Ẹni márùn-ún ló ń kọlù níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé atamátàsé kan ṣoṣo la kọ sílẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe nǹkan kan nígbà tí ẹgbẹ́ yín bá tún ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹ̀gbẹ́ pápá nítòsí ilé alátakò, ẹ gbójú kúrò lára ẹni tó ń sá a lọ, kí ẹ ka àwọn tiwa tó wà lójú ilé. Bó bá jẹ́ atamátàsé nìkan ló wà níbẹ̀ láàárín ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń ṣọ́ ọ, ẹ ti rí àrùn náà: nọ́ńbà 10, ìyẹn ẹni tó ń gbá lẹ́yìn atamátàsé, kì í tètè dé, ẹni tó wà ní apá kejì pápá sì ń dúró wòran nígbà tó yẹ kó ti sá wọlé lọ́dọ̀ òpó tó jìnnà. A lè wo àrùn yìí sàn láìyọ ẹnikẹ́ni kúrò láàárín pápá.

Ìtàn bọ́ọ̀lù ti fi hàn pé ìrìn ju iye lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1953, Hungary na England ní 6-3 ní pápá Wembley. Nándor Hidegkuti ló wọ aṣọ nọ́ńbà 9, ṣùgbọ́n dípò kí ó dúró níwájú, ńṣe ló ń fà sẹ́yìn wá sí àárín pápá. Harry Johnston ti England, ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ, kò mọ èwo ni kó ṣe. Bó bá tẹ̀lé e, àlàfo á ṣí sílẹ̀ fún Puskás àti Kocsis, àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú Hungary. Bó bá dúró, Hidegkuti á ráyè yí bọ́ọ̀lù bó ṣe wù ú. Góòlù mẹ́ta ni Hidegkuti gbá wọlé lọ́jọ́ náà. Irú ìrìn yìí kan náà ni Barcelona fún Messi ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2009, nígbà tí wọ́n gbá 6-2 nílé Real Madrid. Ní ọdún 2012 ẹ̀wẹ̀, Spéìn bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù láìsí atamátàsé gidi kan, Fàbregas ni wọ́n fi síwájú, wọ́n sì na Ítálì ní 4-0.

Mi ò sọ pé atamátàsé méjì kò dára. Leicester fi 4-4-2 gba líìgì England ní sáà 2015 sí 2016, Vardy sì gbá góòlù 24 wọlé nínú líìgì náà. Àmọ́ Okazaki tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í dúró síwájú kó máa retí bọ́ọ̀lù. Ó máa ń padà wá ran àwọn méjì àárín lọ́wọ́, Kanté sì ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò káàkiri pápá. Ẹ̀rù àwọn ọ̀rẹ́ yín nìyẹn gan-an: bí ẹni méjì bá dojú kọ ẹni mẹ́ta láàárín, ẹnì kan yóò máa wà lómìnira nígbà gbogbo, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni bọ́ọ̀lù yóò máa gbà jáde, àfi bí atamátàsé kejì bá gbà láti ṣiṣẹ́ ẹ̀yìn.

Ohun tí èmi yóò ṣe nìyí, tó bá jẹ́ èmi ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Mo máa fi atamátàsé kan bẹ̀rẹ̀, n ó sì pàṣẹ kí nọ́ńbà 10 sún mọ́ ọn. Bí alátakò bá kó gbogbo ènìyàn rẹ̀ sójú ilé, kò ní agbára kankan láàárín pápá tí a óò bẹ̀rù mọ́, ìgbà náà ni n ó fi atamátàsé kejì sí i, láìdúró di ìṣẹ́jú márùn-ún ìgbẹ̀yìn bí àwọn mìíràn ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ jàre. Lọ́jọ́ tí alátakò bá ń fi ẹni mẹ́ta gbógun tì wá láàárín, àwọn ọ̀rẹ́ yín ló jàre.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí wọ́n ń fi ẹlẹ́sẹ̀ òsì sí apá ọ̀tún? Bọ́ọ̀lù orí kì í dé ọ̀dọ̀ atamátàsé wa mọ́.

ÌDÁHÙN: Nítorí kí ó lè yà wọ inú, kí ó sì fi ẹsẹ̀ tó lágbára gbá a sílé ni. Báyìí ni Bayern ṣe lo Robben lọ́tùn-ún àti Ribéry lósì ní sáà tí wọ́n gba Champions League ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Lahm àti Alaba, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ń sáré gba ẹ̀yìn wọn kọjá létí ìlà. Ẹni tó ń ṣọ́ Robben kò lè fi gbogbo ara dí inú mọ́ ọn, nítorí pé Lahm ti fẹ́ kọjá lóde. Bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tiyín kì í bá gòkè, wíńgà yín, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù iwájú tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá, yóò máa yà sínú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni, bọ́ọ̀lù á sì máa padà sẹ́yìn. Ẹni yẹn ni kí ẹ bá wí.

Ní ti bọ́ọ̀lù orí, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bọ́ọ̀lù ilẹ̀ tí a fà sẹ́yìn láti ìlà ìparí pápá. Àwọn tó ń ṣọ́ ilé á ti kọjú sí ilé ara wọn, wọn kò ní rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọfúsáìdì kò sì lè mú ẹni tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù nígbà tí wọ́n gbá a sí i. Ẹ wo iye ìgbà tí ẹgbẹ́ yín ń dé ìlà náà nínú ìdíje kan. Bí kò bá tó ẹ̀ẹ̀mẹta, atamátàsé yín kọ́ ló jẹ̀bi.